Bí mo ṣe ṣájì bátìrì ọkọ̀ tó kú n'Ọ́fà

Ọkọ̀ kàn ń dún “kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀” ni, kò dìde. Mítà ka fólítì 11.4, bátìrì tó ṣájì dáadáa yẹ kó tó 12.6. Mo tú wáyà dúdú kí n tó tú pupa, mo fi omi gbígbóná fọ ìyẹ̀fun funfun tó bo orí bátìrì, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbaná. Ẹnu pupa ṣájà lọ sórí àmì ìròpọ̀, dúdú sórí àmì ìyọkúrò, kí n tó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Áńpù 4 ni mo fi í sí. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú bátìrì gbóná jù. Wọ́n mú iná lọ lóru, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Nígbà tí iná ṣájà di aláwọ̀ ewé, mo kọ́kọ́ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wá tú ẹnu rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde.