Kpayo dà sílẹ̀? Ẹ má fi yanrìn bò ó o!

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kpayo, epo mọ́tò fàyàwọ́, létí títì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Látìgbà tí ibùdó epo ti jóná ní Sèmè-Podji ní September 2023, iná nìkan lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, ẹ ò wo èyí tó ń wọlẹ̀ lọ lábẹ́ bídọ̀ǹ.

Ohun tá à ń rí ṣáá nìyí: epo á dà, àgbàlá á máa rùn, wọ́n á da yanrìn tuntun lé e, òórùn á lọ, wọ́n á ní ó tán. Kò tán o! Kòkòrò tójú ò lè rí ló ń jẹ epo nínú ilẹ̀, atẹ́gùn ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ti bò ó ẹ ti sé wọn mọ́ nìyẹn, epo á máa wọ́ lọ síbi kànga, ọmọ yín ló sì máa mu omi yẹn. Àwọn kan tún ń da omi Omo sí i! Ńṣe nìyẹn ń ti epo lọ sísàlẹ̀.

Ẹ má ṣáná níbẹ̀, ẹ má mu sìgá. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yẹn dé ibi tí kò ti rùn mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tápólì, kó má ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bàsíà ilẹ̀ 3 sí bàsíà 1 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, kì í ṣe tútù. Ẹ wọ́n omi sí i, tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ kó dì, kó má kán. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i, kì í ṣe ìgbà tó bá wù yín! Tójò bá ṣú, ẹ fi igi gbé tápólì mìíràn sókè rẹ̀, tó bá ti dá ẹ ká a kúrò kíá.

Tó bá jẹ́ epo mọ́tò ló dà, ẹ máa yí i fún ó kéré tán oṣù 3. Gasoil (dísù), oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ gbin hóró àgbàdo 10 sínú rẹ̀, 10 sínú ilẹ̀ tó mọ́, lọ́jọ́ 7 ẹ kà wọ́n, tí ti ilẹ̀ tó mọ́ bá hù 9 tí ti ilẹ̀ elépo hù 5, ẹ ṣì máa yí i lọ.

Epo dúdú tí mẹkáníìkì ń tú lẹ́nu ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ o, òjé, irin olóró, lè wà nínú ẹ̀, kòkòrò kankan ò sì lè jẹ òjé. Ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí gboma síbẹ̀ rárá, òdòdó ni kẹ́ ẹ gbìn, kẹ́ ẹ gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò tẹ́ ẹ bu ilẹ̀ ibòmíràn sí.