Bẹ́ ẹ ṣe lè fàwọn gbajúmọ̀ Ojibwe kọ́ àwọn ọmọ l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn Ojibwe, àwọn onílẹ̀ tó wà lágbègbè adágún ńláńlá Amẹ́ríkà àti Kánádà, fáwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìtàn gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ o, wọ́n á sùn lọ ni.

Norval Morrisseau ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ayàwòrán ni, ó kú ní 2007, ìlà dúdú tó nípọn ló fi ń yí ẹja àtẹyẹ ká, á wá fi àwọ̀ tó ń tàn yòò kún inú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé wàá máa rí nǹkan tó wà níkùn ẹranko náà. Ẹ fún wọn ní kádíbọ́ọ̀dù, máákà dúdú àti kréyọ̀n, kí wọ́n ya ẹja Odò Ògùn tòun ti ẹyin níkùn ẹ̀. Kí ìlà dúdú yẹn gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á dọ̀tí. Ọmọ tó bá ti ń wo àwọn aládìrẹ n'Ítòkú, kíá ló máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá kọ àwọn yòókù sẹ́yìn àwòrán: Louise Erdrich, òǹkọ̀wé, gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan fáwọn òǹkọ̀wé l'Amẹ́ríkà, ní 2021, Peggy Flanagan di igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà ní 2019. Francis Pegahmagabow làwọn ọmọkùnrin máa fẹ́ràn jù: sójà Kánádà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba Military Medal, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú ogun, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó délé tán, ó tún ń bá ìjọba fa ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè níbẹ̀.