Kí Ẹ Tó Náwó Lé Ògbólógbòó Máṣíìnì Lórí

Oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi píkọ́ọ̀pù gbé alùpùpù Honda CG 125 wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Pupa ni táńkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ eruku ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Adìyẹ ti yé sórí ìjókòó rẹ̀, koríko ìtẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Máṣíìnì bàbá mi nìyí. Ọdún 2009 ni wọ́n papòdà, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti wà láti ìgbà náà. Ẹ bá mi wò ó, bóyá ó ṣì tó ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí."

Inú mi dùn pé ó béèrè. Ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè. Wọ́n á ti ra táyà tuntun, wọ́n á ti kun táńkì, wọ́n á ti rán ìjókòó, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí a bá wá tú u, tí a rí i pé ọrùn rẹ̀ ti sán, owó ti wọgbó nìyẹn. Ọdún 1991 ni mo ṣe fírídọ̀mù ní Ìsẹ́yìn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń tún máṣíìnì àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ṣe. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé ọ̀kan yìí: fíréèmù, ìyẹn egungun máṣíìnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì ṣeé rà. Fíréèmù tó bá ti jẹrà, pósí ni.

Ìwé ló ṣáájú irin o. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn fíréèmù, níbi tí ọwọ́ máṣíìnì ti ń yí. Òmíràn wà lára ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀, kí ẹ fi ẹfun tí àwọn tíṣà fi ń kọ̀wé pa á, yóò hàn kedere. Ẹ fi wé ìwé tí wọ́n kó fún yín. Bí ti ẹ́ńjìnì bá yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rí, ẹ béèrè rìsíìtì. Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi fáìlì ha ti fíréèmù, ẹ kí olóhun pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ.

Tó bá jẹ́ ogún ni, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀. Máṣíìnì tó ń jẹ eruku kì í ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fọhùn ni gbogbo ẹbí máa ń rántí pé àwọn náà ní ìpín níbẹ̀. Mo tún ọ̀kan ṣe fún ọkùnrin kan, ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún lọ sọ́jà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú èrò. Ó dùn mí títí dòní, nítorí èmi náà kò béèrè. Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kí àwọn ará ilé sì fọwọ́ sí i, kí n tó mú sípánà.

Ó yá, ẹ gbé e síta sínú oòrùn, kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń tà á kùn ún kí ẹ tó wò ó. Ibi mẹ́rin ni mo máa ń wò lára fíréèmù: ọrùn, abẹ́ táńkì, abẹ́ bátìrì, àti ibi tí irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ara. Abẹ́ bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí omi bátìrì tó ń kán síbẹ̀ máa ń jẹ irin ju òjò lọ. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa fi kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Irin tó ṣì le dáadáa máa ń dún gan-an bí agogo. Èyí tó ti jẹrà nínú máa ń dún kúbú, bí ìgbà tí èèyàn kan páálí. Ìpẹtà orí awọ kò tó nǹkan, sáńpépà á kó o kúrò. Èyí tó bá ń ṣí bí èèpo, tí ìṣó ń wọlé sínú rẹ̀, ẹ má tàn ara yín jẹ.

Bí ọ̀dà rẹ̀ bá dán jù, ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì. Inú ògbólógbòó gbohùngbohùn rédíò ni mo ti yọ tèmi. Ẹ máa gbé e lé ara fíréèmù àti táńkì díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, bọ́dìfílà ni wọ́n fi dí i, ó ṣeé ṣe kí ihò wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, okùn. Ẹ na okùn láti ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ sí táyà iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, kí okùn náà kan etí táyà ẹ̀yìn ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ máṣíìnì sí gbọọrọ. Àlàfo tó wà láàárín okùn àti táyà iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí kò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé wọn kò so táyà ẹ̀yìn gún, ẹ tún un so kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì wọ́, ara rẹ̀ ló wọ́.

Okùn yìí ni mi ò nà ní ọdún 1998. Honda 175 kan ni mo rà, èyí tí ó ní sìlíńdà méjì, ohùn rẹ̀ dùn bí ìlù. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi, mo sì ti fẹ́ràn máṣíìnì yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Mo tú ẹ́ńjìnì, mo tò ó padà, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo gùn ún jáde, òsì ló ń fà mí sí. Mo ṣí ọ̀dà ọrùn rẹ̀, mo bá àpá wẹ́dà níbẹ̀. Ó ti kọlu nǹkan rí. Ìwọ̀nba ẹ́ńjìnì ni mo rí tà, fíréèmù náà sì lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Bí fíréèmù bá yege, ẹ wá yíjú sí ẹ́ńjìnì. Bí kíkì bá le gbagidi, ẹ má fò lé e. Ríǹgì ni òrùka tó yí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, ká. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ sìlíńdà máa ṣẹ́, yóò sì ha ojú rẹ̀. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì tí ẹ po dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ mọ́ sínú ihò rẹ̀, ṣíbí méjì ti tó. Ẹ fi àkísà dí i, kí ó sùn mọ́jú. Èyí tó ti pẹ́ bíi ti ọmọbìnrin yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí jíà kẹrin, kí ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, kí ẹ máa tì í síwájú, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń mi ọmọ lórí ẹsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ "kẹ́ẹ́" kékeré kan nínú rẹ̀, táyà sì yí. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo, mo ní kó rọra.

Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ sínú abọ́ funfun. Bí ó bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé. CG kò ní fílítà bíi ti mọ́tò, asẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bébà funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá ń dán bíi fàdákà tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé, ara písítìn tàbí ara ilé ẹ́ńjìnì ló ti wá. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé, jíà tàbí bíárín ni. Lẹ́búlẹ́bú dúdú kò ní kí ẹ máa sá. Èékánná irin ló yẹ kí ẹ sá fún.

Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò pílọ́ọ̀gì, kí ẹlòmíràn tẹ kíkì. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti àtàǹpàkò yín kúrò tagbáratagbára. Bí kò bá lágbára, ẹ kọ́kọ́ wo fáàfù, àwọn ìlẹ̀kùn kékeré méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tí èéfín sì ń gbà jáde: 0.08 mílímítà ni àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, fún méjèèjì. Fáàfù tó bá fún jù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dúró. Bí ẹ bá ti tún ìyẹn ṣe, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò náà, kí ẹ tún un dánwò. Bí agbára bá wá, ríǹgì tàbí sìlíńdà ló ti jẹ. Bí kò bá wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù.

Tí ẹ bá ṣí orí rẹ̀, ẹ nu orí písítìn kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra àlòkù mọ èyí. Sìlíńdà CG 125 tí wọn ò tíì gbẹ́ rí, 56.5 mílímítà ni ẹnu rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ríbọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fẹ̀ sí i, písítìn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni wọ́n máa fi sí i: 0.25 mílímítà, lẹ́yìn rẹ̀ 0.50, lẹ́yìn rẹ̀ 0.75, títí dé 1.00. Bí ẹ bá rí 0.25, ọjọ́ ṣì wà níwájú. Bí ẹ bá rí 1.00, sìlíńdà yẹn ti parí ayé rẹ̀, ẹ ṣírò owó òmíràn mọ́ ọn. Kí ẹ tó pa á dé, ẹ yọ sìlíńdà, ẹ di kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìn dúró, mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sílẹ̀. Ó lè mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì sókè sódò, tó ń sọ "kọ́, kọ́", gbogbo ẹ́ńjìnì ni ẹ máa là sí méjì nìyẹn.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ ńkọ́? Ibí ni CG ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe àwòkọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ láìmọye, nítorí náà, ohun tí ẹ bá ń wá kò ní ṣàì sí, yálà ẹ ránṣẹ́ sí Nnewi tàbí ẹ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ṣáà mú ti àtijọ́ dání kí ẹ fi wé tuntun, nítorí ayédèrú pọ̀. Honda 175 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rí ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Àwọn máṣíìnì tí bátìrì wọn jẹ́ fóòtì mẹ́fà (6V) náà máa ń fún ni ní wàhálà gílóòbù.

Ọ̀rọ̀ táńkì, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má tan iná sí inú rẹ̀ láti wò ó, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé táńkì kan fún wẹ́dà, wọ́n ní ó ti gbẹ láti ọdún méjì. Bó ṣe kan iná mọ́ ọn ló dún bí ìbọn. Ọwọ́ ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ jó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló gbiná. Ẹni tó bá máa jó táńkì yín, kó pọn omi kún un títí tó fi kù díẹ̀ kó dé ibi tó fẹ́ jó, kó sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ gbé táńkì yín lọ síbòmíràn.

Ẹ wá mú ìwé kékeré. Ẹ kọ ohun tí kò ní jẹ́ kó rìn sí apá kan: ríbọ́ọ̀, táyà, bíréèkì, wáyà, ṣéènì. Ẹ kọ ohun tí ojú ń fẹ́ sí apá kejì: ọ̀dà, ìjókòó, irin dídán. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un, nítorí nǹkan máa ń yọjú bí a bá ti ń tú u. Bí apá kìn-ín-ní nìkan bá ti ju owó tòkúnbọ̀ tó ń rìn lọ, tó sì jẹ́ iṣẹ́ oko tàbí èrò ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìrántí ni, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ìrántí jẹ́ lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye náà sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin yẹn, fíréèmù dún bí agogo, àyàfi abẹ́ bátìrì tó jẹ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Mo bá 0.50 lórí písítìn, kọ́ńrọ́ọ̀dù kò mì. Mo ka owó fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun gbà. Mo ní kí a má kun táńkì, nítorí nígbà tí mo fọ̀ ọ́, mo rí ibi tí orúnkún bàbá rẹ̀ ti ń fara kàn án lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀dà ti ṣí títí tó fi kan irin. Ó gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà." Ọ́ìlì nìkan la fi nù ún, kí ìpẹtà má bàa mú un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kó sìlíńdà rẹ̀ lọ fún ríbọ́ọ̀.