Null ni àbí Optional? Bí a ṣe parí àríyànjiyàn lórí library wa

Níbi iṣẹ́ wa, library Java kan wà tí gbogbo áàpù wa jọ ń lò. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ nọ́ńbà fóònù di ọ̀nà kan náà: bí oníbàárà bá tẹ 0803 àti nọ́ńbà méje tó kù, +234803 àti méje yẹn ló gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá wá tẹ "mi ò ní fóònù" ńkọ́?

Null, ìyẹn "kò sí nǹkan kan", ni normalize, method (ègé kóòdù) tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ń dá padà látilẹ̀ fún irú ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ní kò sóhun tó burú níbẹ̀: "Ẹni tó bá pè é ni kó yẹ̀ ẹ́ wò." Àbúrò wa kan ní rárá, exception ni kó jù, ìyẹn àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá mú un. Èmi kò gbà, torí kí èèyàn ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kì í ṣe àjálù, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo Optional," ni mo wí. Bí àpótí tó lè ní nǹkan nínú tàbí kó ṣófo ni Optional rí. Ó ti wà nínú Java láti ẹ̀dà 8, lọ́dún 2014, ẹni tó bá sì rí i ti mọ̀ pé ó lè ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n gbà, àmọ́ wọ́n béèrè pé: "Àwọn áàpù tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo dán an wò. Mo yí ohun tí normalize ń dá padà kúrò ní String (ọ̀rọ̀ lásán) sí Optional<String>, mo ki jar tuntun (fáìlì tí library náà wà nínú rẹ̀) sábẹ́ áàpù kan láì tún áàpù náà compile (sọ kóòdù rẹ̀ di èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò). Áàpù tan wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe ní kí n forúkọ oníbàárà sílẹ̀ báyìí, NoSuchMethodError, ìyẹn "kò sí irú method yìí"! Irú ohun tí method ń dá padà wà lára ohun tí JVM (ètò tó ń mú kóòdù Java ṣiṣẹ́) fi ń dá a mọ̀. Bí a bá yí i, method mìíràn ló dà. Abájọ tí Apache Commons Lang, library Java mìíràn, fi yí orúkọ package (àpò tí kóòdù wà) rẹ̀ sí lang3 nígbà tí ẹ̀dà 3 dé, kí ti àtijọ́ àti tuntun lè jọ wà nínú áàpù kan.

Java kò sì gba method méjì tí orúkọ àti ohun tí wọ́n ń gbà bára mu nínú class (ìdìpọ̀ kóòdù) kan náà. Ni a bá kọ tryNormalize tuntun, a lẹ @Deprecated (àmì pé kí wọ́n má lò ó mọ́) mọ́ normalize, inú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ mọ́:

return tryNormalize(s).orElse(null);

Ẹnìkan tún fẹ́ fi boolean (true tàbí false) kún un, fún ẹni tí kò bá fẹ́ àmì +. Enum la lò, ìyẹn àkójọ àṣàyàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ta ló máa rí normalize(s, true) tó máa mọ ohun tí true ń ṣe níbẹ̀?

A ò tíì kọ forRemoval (àmì pé a máa yọ ọ́ kúrò) sí ti àtijọ́ o. Áàpù owó oṣù ṣì ń pè é, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan áàpù owó oṣù.