Ọ̀gá Ara Ẹni Tàbí Abẹ́ Kọ́ńpìnnì? Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gbọ́n Àpò Àwa Onítrọ́ọ̀kì Gbẹ

Kò sí ibi tí àwa onítrọ́ọ̀kì ti ń pàdé ní Amẹ́ríkà yìí, ìbáà jẹ́ níbi tí a ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì, ìbáà jẹ́ níwájú ilé ẹrù tí wọ́n ti dá wa dúró sí láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹ ò ní gbọ́ ìbéèrè yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ọkọ̀ mi sábẹ́ kọ́ńpìnnì ni, àbí kí n kúkú gba authority tèmi?" Authority ni ìwé àṣẹ ìjọba tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé ẹrù lórúkọ ara ẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ti sábà pinnu tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá, ó kàn ń wá ẹni tó máa sọ pé ó dáa ni. Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ṣe méjèèjì, mo sì fi owó kọ́gbọ́n nínú méjèèjì.

Kíka owó tó wọlé, láìka èyí tó ṣẹ́kù

Kọ́ńpìnnì kan ní òun á máa fún yín ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹrù. Lójú ẹsẹ̀, ọkàn yín ti lọ sórí 28 tó kù, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi jà yín lólè. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń dàrú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìwé ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí à ń pè ní settlement, sílẹ̀ ká wò ó. Ẹrù mẹ́ta, $6,800. Ìdá 72 nínú ẹ̀ jẹ́ $4,896. Ọkọ̀ rin 2,600 máìlì, àti èyí tó fi kó ẹrù àti èyí tó rìn lófìfo. Bó bá ń rin máìlì 6.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan, gálọ́ọ̀nù 400 nìyẹn. Bí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ $3.80, dísẹ́ẹ̀lì ti gba $1,520. Owó tírélà tí ọkọ̀ ń fà, tí ẹ háyà lọ́wọ́ wọn, $250. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ti bobtail, ìyẹn ìgbà tí ọkọ̀ ò fa tírélà, $95. Ìnṣọ́ránsì bí ẹ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, $45. ELD, ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí tí a fi ń wakọ̀, $15. Escrow, owó yín tí kọ́ńpìnnì ń dì mú, $100. Owó nọ́ńbà ọkọ̀, $60. Àwọn owó wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbà yín síṣẹ́, $25. Ó ku $2,786.

Inú èèyàn ṣì lè dùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì san gbèsè ọkọ̀, ká ní $600 ló kàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ò tíì tọ́jú nǹkan kan fún táyà àti àtúnṣe; bí ẹ bá ń tọ́jú sẹ́ńtì 15 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, $390 nìyẹn. Ohun tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni $1,796, ìyẹn sẹ́ńtì 69 lórí máìlì kan, owó orí ò sì tíì jáde nínú ẹ̀.

Sẹ́ńtì 69 yẹn ni kí ẹ gbé kalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fi ti kọ́ńpìnnì wé ti authority. $1,904 tí kọ́ńpìnnì yọ, ẹ kọ ohun tó ń rà fún yín sórí ìwé: ìnṣọ́ránsì ńlá tó ń bo yín lójú títì, ẹni tó ń wá ẹrù, ẹni tó ń fìwé owó ránṣẹ́ tó sì ń dúró de owó, ẹni tó ń kọ ìwé owó orí epo. Bí ẹ bá lè ṣe gbogbo ìyẹn fúnra yín lówó tó kéré sí $1,904 lọ́sẹ̀, láìpàdánù ẹrù, ẹ ti ní ìdí láti lọ. Bí ẹ ò bá tíì kọ ọ́, ìbínú lásán lẹ fẹ́ bá lọ.

Mo mọ arákùnrin kan tó ń gbé ẹrù ní $1.70 lórí máìlì, tó ń yọ̀ pé ọwọ́ òun ò dilẹ̀. Ìgbà tá a jókòó ṣe ìṣirò tán, $1.82 ni máìlì kan ń ná an. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ló ṣe ń jẹ gbèsè tó.

Ìwé tí a fọwọ́ sí lórí fóònù

Ìwé àdéhùn tèmi àkọ́kọ́ tó ojú ìwé 31. Ibi tí mo ti ń jẹ adìyẹ nílé epo ni mo ti fọwọ́ sí i, ọ̀rá ṣì wà ní ìka mi. Mi ò ka ju ibi tí wọ́n kọ ìdá mi sí lọ.

Bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ wà tó ń dáàbò bo onítrọ́ọ̀kì tó fi ọkọ̀ sábẹ́ kọ́ńpìnnì tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Truth in Leasing ni wọ́n ń pè é, inú 49 CFR Part 376 ló wà. Ẹ kà á kí ẹ tó ka ìwé kọ́ńpìnnì, kò gùn. Ó ní iye tí wọ́n máa san gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó láàárín ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé ẹrù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá nínú owó ẹrù ni wọ́n ń san, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ẹ̀dà ìwé tó fi iye tí oníẹrù san hàn, kó má jẹ́ pé ẹnu wọn lẹ fi ń gbọ́ ọ. Gbogbo nǹkan tí wọ́n máa yọ nínú owó yín gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ní dandan ni kí ẹ ra ọjà tàbí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbà yín.

Escrow náà ńkọ́? Owó yín ni, kì í ṣe tiwọn. Òfin ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ yọ nínú ẹ̀, kí wọ́n san èlé lé e, kí wọ́n sì dá a padà láàárín ọjọ́ 45 tí àdéhùn bá parí. Èmi ò mọ̀ pé èlé wà níbẹ̀ rárá. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni mi ò fi béèrè.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yẹn tó máa ń ya àwọn ọ̀gá ara ẹni lẹ́nu: níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá ṣì wà, kọ́ńpìnnì ló ni àkóso ọkọ̀ náà lójú òfin. Ẹ ò lè já ẹrù wọn lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ gbé ẹrù bróókà kan, ìyẹn alárinà tó ń wá ọkọ̀ fún oníẹrù, lábẹ́lẹ̀. Ìnṣọ́ránsì bobtail ò ní dá yín lóhùn bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń kó ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹni tó bá ṣe é tí nǹkan ò ṣe é, orí ló kó o yọ.

Dída lease-purchase pọ̀ mọ́ fífi ọkọ̀ ẹni sábẹ́ kọ́ńpìnnì

Èyí ló ń dùn mí jù. Ọmọ wa kan á gba CDL, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá, lónìí, lọ́la wọ́n ti fún un ní trọ́ọ̀kì tuntun, wọ́n ní kò ní san owó ìbẹ̀rẹ̀, á máa fi iṣẹ́ san án díẹ̀díẹ̀. Á pe ilé pé òun ti ra ọkọ̀. Kò ra ọkọ̀ o. Ẹni tó ń yá a lọ́kọ̀ náà ló ń fún un lẹ́rù, òun náà ló ń tún ọkọ̀ ṣe, òun náà ló sì ń yọ owó kó tó kan ọwọ́ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ẹrù bá ṣọ̀wọ́n, owó ọkọ̀ ò ní ṣọ̀wọ́n. Bó bá kúrò lẹ́yìn ọdún méjì, ọwọ́ òfìfo ló máa ń sábà gbé lọ.

Ìgbìmọ̀ kan tí òfin ọdún 2021 ní kí FMCSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, gbé kalẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ yìí jábọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí ìjọba fòfin de irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ oṣù ló sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé bí ọkọ̀ ò bá sí lórúkọ yín, tí ẹ ò lè gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì míì lọ́la, ẹ má tíì pera yín ní onítrọ́ọ̀kì. Trọ́ọ̀kì ọlọ́dún méje tí ẹ rà lọ́wọ́ báǹkì tàbí lówó ọwọ́ yín sàn jù ú lọ.

$300 àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn tó ń gba authority máa ń sọ pé $300 péré ni FMCSA ń gbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. BOC-3 wà, ìyẹn ìwé tó ń dárúkọ ẹni tó máa bá yín gba ìwé ẹjọ́; UCR, owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn akẹ́rù, wà lọ́dọọdún. Nọ́ńbà IRP wà, èyí tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè rin ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ìwé IFTA, ti owó orí epo, wà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni Form 2290, owó orí ọkọ̀ ńlá, tó ń gba $550 lórí ọkọ̀ tó bá ju 75,000 pọ́n-ùn lọ.

Ìnṣọ́ránsì ló máa ń pa wọ́n lẹ́kún. $750,000 ni òfin ní kó bo, ó kéré tán, fún ẹrù lásán, ṣùgbọ́n bróókà tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ò tó nǹkan. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fẹ́ rí, pẹ̀lú $100,000 fún ẹrù. Authority tí kò tíì pé ọdún kan ni àwọn onínṣọ́ránsì ń bù lówó jù. Ọ̀pọ̀ bróókà ò tiẹ̀ ní dá yín lóhùn kí authority yín tó pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Ẹ ti ń san gbogbo owó tán, ẹrù tó ṣẹ́kù fún yín ni èyí tí àwọn yòókù kọ̀.

Oṣù 18 àkọ́kọ́ sì wà tí FMCSA á fi máa ṣọ́ yín. Láàárín ọdún kan wọ́n á wá yẹ ìwé yín wò. Ohun tó ń gbé àwọn ẹlẹ́ni kan ṣubú ni àyẹ̀wò oògùn olóró. Wọ́n á ní, "Èmi nìkan ni mo ń wakọ̀ mi, ta ni máa yẹ̀ wò?" Ẹ̀yin náà ni. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ kan tó máa ń pè yín láìròtẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí orúkọ yín sì wà nínú Clearinghouse, àkọsílẹ̀ ìjọba lórí àyẹ̀wò oògùn àwọn awakọ̀. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ ti kùnà àyẹ̀wò náà nìyẹn.

Sísáré tẹ̀ lé ọjà tó ń gbóná

Ní ọdún 2021, ẹrù pọ̀, owó ẹrù ga, àwọn èèyàn sì ń ra trọ́ọ̀kì àlòkù ní iye tí wọn ò rà á rí. Ní 2022 owó ẹrù ọjà ojoojúmọ́ já wálẹ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, dísẹ́ẹ̀lì gun $5.81 lórí gálọ́ọ̀nù. Àwọn tó wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì tó ń san fuel surcharge, ìyẹn owó àfikún fún epo, mí díẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní owó gegele, tó gba authority lóṣù mẹ́rin ṣáájú, báǹkì wá gbé tiẹ̀ lọ.

Gbígba ọ̀rọ̀ bróókà gbọ́

Ẹrù tí ẹ já lónìí, ó lè tó ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bróókà tó san án. Dísẹ́ẹ̀lì, lójú ẹsẹ̀ ni. Factoring, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó ń ra ìwé owó lọ́wọ́ yín, á san án kíákíá, wọ́n á yọ tiwọn. Ẹ béèrè bóyá recourse ni: bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí bróókà ò bá san, ẹ̀yin ni wọ́n máa gba owó wọn padà lọ́wọ́ yín. Òfin ní kí bróókà ní ìdúró $75,000, ó sì dún bí owó ńlá. Gbogbo ẹni tó jẹ lówó ló máa pín in.

Ẹrù àtúntà náà tún wà: ẹnì kan á gba ẹrù lọ́wọ́ bróókà bí ẹni pé òun fẹ́ gbé e, á wá tà á fún yín, á sì gba owó sá lọ. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì. Ẹ wá nọ́ńbà bróókà náà lórí ojúlé FMCSA, kí ẹ pe ìyẹn, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín ló wà lórí ẹrù náà.

Lórí owó orí, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Yálà ẹ wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì, yálà ẹ dá dúró, kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ fún yín. Ìdá 15.3 wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, yàtọ̀ sí owó orí gan-an, ẹ ó sì máa san án lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ẹ ṣí àpò ìfowópamọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ má sì mú káàdì ẹ̀ dání.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lo ọdún kan lábẹ́ kọ́ńpìnnì pẹ̀lú ọkọ̀ tó jẹ́ tiẹ̀, kó mọ iye tí máìlì kan ń ná an. Ìgbà tó bá ní owó oṣù mẹ́fà nípamọ́, tó sì mọ oníẹrù méjì tó lè fún un níṣẹ́ láìgba ọwọ́ bróókà, kó wá lọ. Ẹni tí èyí ò bá tẹ́ lọ́rùn, mi ò ní bá a jà.

Ẹ má sì bínú kúrò. Lọ́jọ́ tí mo fi kọ́ńpìnnì mi ìkẹyìn sílẹ̀, mo fi fóònù ya tírélà wọn yíká, táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó já a sílẹ̀. Mo bọ́ àmì orúkọ wọn kúrò lára ilẹ̀kùn, nítorí pé òfin gbà wọ́n láyè láti di owó ìkẹyìn mú títí àmì yẹn á fi padà sọ́wọ́ wọn, mo sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ kejìlélógójì, escrow mi wọlé, $300 ló dín. Wọ́n ní táyà kan ti jẹ tán lára tírélà. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn, táyà kẹta lápá òsì, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni $300 náà wọlé, wọn ò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn.