Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún wáyà iná ṣe lẹ́yìn ìjì

Òjò àkọ́rọ̀ ní Èkìtì kì í sábà dá wá; ìjì ló máa ń tì í wọlé. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, òpó ti wó ní Ìkọ̀lé, ẹ̀ka igi ti fa wáyà já ní Ìjerò, kálukú sì ti ń bèèrè ìgbà tí NEPA máa mú iná dé. Ìkánjú yẹn ló ń bí iṣẹ́ jákujàku.

Èyí tó léwu jù ni kí wọ́n gun òpó kìkì nítorí pé wọ́n ti yọ fíúsì ní ìdí tiransifọ́mà. Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ láìyí change-over, ìyẹn súìṣì tó ń yọ ilé kúrò lára iná ìta, ń ti iná padà sórí wáyà ìta. Bí 230 vóòtì yẹn bá gba inú tiransifọ́mà kọjá, ó lè di 11,000 lódì kejì. Ẹ fi tẹ́sítà tó bá agbára wáyà náà mu yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì so áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀, sí apá ọ̀tún àti apá òsì ibi iṣẹ́. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́, kí ẹ tó fi kan wáyà. Tí ẹ bá ń tú u, orí wáyà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bọ́ ọ.

Wáyà tó já ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kàn ń lọ́ orí méjèèjì pọ̀ ni, ó parí. Alùmíníọ̀mù máa ń ní èépá tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló ń ha á kúrò, kí wọ́n tó fi gíríìsì tirẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi irinṣẹ́ tẹ ìsopọ̀ náà pa. Kọ́pà tí wọ́n lọ́ mọ́ alùmíníọ̀mù tún burú sí i: òjò á jẹ ẹ́, ojú ìsopọ̀ á gbóná, iná á máa ṣẹ́jú nínú ilé títí yóò fi tún já. Ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún irin méjèèjì wà lọ́jà. Kí kọ́pà wà nísàlẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má kán sórí alùmíníọ̀mù.

Òpó tuntun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́fà gígùn rẹ̀ ló yẹ kó wọlẹ̀, ìyẹn bíi mítà 1.7 fún òpó oní-mítà mẹ́wàá. Ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹ̀fọ̀n, ọkọ́ lè kan àpáta ní ìwọ̀n orúnkún, kí wọ́n sì ri òpó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ àpáta náà, tàbí kí ẹ sún òpó síbòmíràn. Ará àdúgbò tó ti dá owó kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ náà ni wọ́n máa tún gbà bí òpó bá wó lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má fi wáyà tó nípọn dípò fíúsì. Tiransifọ́mà ló máa jó.

Kí iná tó padà, kí ẹnì kan rìn lábẹ́ wáyà náà dé òpin, títí kan inú oko kòkó tí ó gbà kọjá. Wáyà tó já sínú koríko kì í hàn láti ojú títì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí iṣẹ́ yẹn dúró di àárọ̀.