Bí ọmọ ṣe lè kọ ohun tó wà níkùn ẹ̀ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ àròkọ ni mo fẹ́ ká jọ sọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Yorùbá, àmọ́ òbí tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀ nílé náà lè fà àga jókòó.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọ kíláàsì JSS2, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé "Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé láyé mi", mo ní kí wọ́n kọ ọ́ wá. Ọmọ méjìdínlógójì. Nígbà tí mo jókòó láti máàkì ẹ̀, bíi pé ọmọ kan ṣoṣo ló kọ gbogbo ẹ̀: ọdún Kérésì ni, ìyá wọn se ráìsì, wọ́n pa adìyẹ, wọ́n wọ aṣọ tuntun, inú mi dùn jọjọ, ó parí. Ọmọkùnrin kan kọ ìlà márùn-ún péré, mo fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, nígbà bíréèkì, mo ń kọjá lọ níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ni mo gbọ́ tí ọmọ yẹn kan náà ń sọ bí ewúrẹ́ ìyá àgbà ẹ̀ ṣe já sí kànga, bí wọ́n ṣe so okùn mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nídìí tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ewúrẹ́ ń ké látìsàlẹ̀ tí ìyá àgbà náà ń ké látòkè, gbogbo àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wọn, ìgbà tó wá dé ibi tí okùn ti fẹ́ já, gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ro ti mẹ́ta nínú mẹ́wàá mi.

Ọmọ yẹn ò ní ìṣòro kankan, ìbéèrè tí mo bi í ló burú. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa béèrè ẹ̀ dáadáa, ohun tí mo rí náà nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹ má bi ọmọ pé báwo ló ṣe rí lára ẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni ara ẹ̀ ṣe. Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀ dè wá, ẹ sáà wò ó: àyà ló ń já, ojú ló ń tini, ẹnu ló ń yani, orí á wú, ọkàn á pòrúùrù, inú kan náà ló ń dùn, òun ló ń bàjẹ́, òun náà ló ń bíni. Ara ni Yorùbá fi ń sọ gbogbo ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ti lò wọ́n débi pé ọmọ ò rí àyà kankan mọ́ nínú "àyà mi já", ó kàn ń kọ ọ́ bí ẹni kọ orúkọ ni. Torí náà mo máa ń ya èèyàn kan sójú pátákó (mi ò mọ àwòrán yà o, wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an dára), màá wá ní kí wọ́n rántí ìgbà tí ẹ̀rù bà wọ́n gbẹ̀yìn, kí wọ́n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ ti ara nìkan. Ọ̀fun ẹ ńkọ́? Ọwọ́ ńkọ́? Etí? Ọmọ kan ní ọ̀fun òun dà bí ìgbà téèyàn gbé gààrí gbígbẹ mì. Òmíràn ní òun jókòó o, àmọ́ ẹsẹ̀ òun ti ń sáré. Ọmọbìnrin kan tó ń dúró de èsì ìdánwò ní òun ń ka búlọ́ọ̀kù ara ògiri, òun kà á dé mọ́kànlélógún, òun tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀kan. Kò dárúkọ ẹ̀rù rárá, àmọ́ gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé ẹ̀rù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn màá fòfin de "inú mi dùn", "inú mi bàjẹ́" àti "inú ń bí mi" fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá kọ ọ́ máa kọrin kan fún wa. Eré ni o, kì í ṣe ìjìyà, ẹ má sọ ọ́ di ẹgba.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dún, gbàà, fìrì, gbì, wúyẹ́wúyẹ́, pẹ́rẹ́. Tíṣà àgbà kan sọ fún mi rí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, pé kò yẹ nínú àròkọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo dákẹ́, àmọ́ mi ò gbà. "Bàbá mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàà." "Bàbá mi wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn pẹ́rẹ́." Ilẹ̀kùn kan náà, bàbá kan náà, àmọ́ ìwọ tó ń kà á ti mọ irú alẹ́ tí wọ́n máa sùn nílé yẹn. Mélòó lẹ fẹ́ kọ kẹ́ ẹ tó sọ ìyẹn?

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, ọ̀kan á máa sọ, èkejì ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan ju "ìgbà tó yá ńkọ́?" lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n pààrọ̀. Ariwo máa wà, ẹ sọ fún tíṣà kíláàsì ẹ̀gbẹ́ yín tẹ́lẹ̀ kó má lọ fẹjọ́ yín sùn. Bí wọ́n bá ti parí, kí wọ́n gbé bírò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìṣẹ́jú méje, kò sí pípa rẹ́, kò sí rúlà, kò sí àmì ohùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, àmì ohùn. Mo mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, èmi náà tíṣà Yorùbá ni. Àmọ́ ọmọ tó ń wá àmì tó máa gbé sórí ọ̀rọ̀ kẹta ti gbàgbé ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ jọ lọ fi àmì sí i, ìgbà yẹn ló máa rí i fúnra ẹ̀ pé láìsí àmì wọn ò ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyá òun ló sọnù ni àbí ọkọ́.

Bọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá yọ wọlé, ẹ fi sílẹ̀ ná. Àìmọye ilé ìwé ló ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, tí wọ́n á wá fún un ní ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kó fi èdè tí wọ́n ní kó gbé mì láti Mọ́ńdè sọ ohun tó ń dùn ún. Báwo? Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí (ẹ wò mí, mo ti rú òfin mi). Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọ́n tún ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, a ṣì ń gba owó ìtanràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ mọ àròkọ, ẹ sì mọ àrokò. Àwọn baba wa kì í kọ lẹ́tà, nǹkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ nìyẹn. Tó bá kọ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà, torí ẹ̀fà ni, ọkàn mi ń fà sí ọ, bí ẹni tí wọ́n rán an sí bá gbà, ó lè fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, ẹ̀jọ, pé àwa méjèèjì jọra. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọmọ JSS2 pariwo bíi pé Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ohun tí a wá ń ṣe ni pé kí kálukú lọ wá nǹkan mẹ́ta nílé tó fi máa ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Kó má kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni náà lè ti kú, ó lè wà lókè òkun, ó lè jókòó ní bẹ́ǹṣì kejì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á kó o jáde, ẹlòmíì á gbìyànjú láti tú u, ẹni tó ni ín á wá sọ bóyá ó gbà á àbí kò gbà á. Ọmọ kan gbé bàtà ẹsẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ àti páálí káàdì fóònù tí wọ́n ti ha nọ́ńbà ẹ̀ wá. Wọ́n tú u títí, wọ́n ní ó ń lé olólùfẹ́ ẹ̀ jáde nílé, ẹ̀rín sọ. Ó ní rárá, bàbá òun ni. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló gbàgbé sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀, káàdì yẹn ni òun fi pè é gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín dá. Mo ní kó jókòó kó kọ nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti rí i, bó ṣe rí lọ́wọ́, ohun tó fẹ́ kó sọ fún bàbá ẹ̀. Ojú ewé méjì ààbọ̀ ló kọ. Ọmọ tí kì í kọ ju ìdajì lọ.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé nǹkan yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ. Kò ní máa wojú àjà. Bí ẹ bá sọ pé "kọ nípa ìfẹ́", á kọ ohun tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú fíìmù, àmọ́ bí ìfẹ́ bá jẹ́ ike tí ìyá àgbà ẹ̀ máa ń fi bomi, á sọ pé etí ike náà ti sán, wọ́n fi okùn ráfíà dè é, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fún àwọn tó ti gòkè díẹ̀, SS1 lọ sókè, ẹ fi ẹkún ìyàwó kọ́ wọn ní ìmọ̀lára méjì tó ń jà nínú èèyàn kan. Ọmọge Ọ̀yọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ayọ̀ ni ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó ń bẹ̀rù ilé tó ń lọ, ó tún ń fi ara ẹ̀ yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ tiwọn, ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò ní àdúgbò kan, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn já pa lọ sókè òkun. Èyí tó ń sọ pé inú òun dùn nìkan, ẹ dá a padà fún un.

Ọmọ tó bá ń tijú ńkọ́? Ẹ fún un ní ẹ̀kú wọ̀. Mo fẹ́ sọ pé, ẹ má jẹ́ kó sọ "èmi". Kó jẹ́ ọlọ ìyá ẹ̀, kó jẹ́ Ìjàpá lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Isaac Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ọkùnrin ni, àmọ́ láti 1929 sí 1930 ló ń tẹ lẹ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ló ń fi àìsàn àti àbámọ̀ ròyìn ayé ara ẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ pípa, iṣẹ́ ọ̀nà ni. Àwọn ọmọkùnrin pàápàá, tí wọ́n ti sọ fún pé ọkùnrin kì í sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n di ọlọ kẹ́ ẹ wá rí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Ẹ fi bírò pupa sílẹ̀ nínú àpò. Èmi, ìlà kan ṣoṣo ni mo máa ń fa sábẹ́ gbólóhùn tó wọ̀ mí lára jù, màá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "mo dúró síbí". Àṣìṣe, màá kó àwọn tó pọ̀ jù jọ, màá kọ́ gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì ka iṣẹ́ ọmọ sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ṣe é rí. Iṣẹ́ yẹn dáa, orí mi wú, mo kà á fún gbogbo kíláàsì, mo rò pé mò ń yìn ín ni. Odidi táàmù kan ni ọmọ yẹn ò fi kọ nǹkan kan fún mi mọ́ ju ohun tó wà lójú pátákó lọ. Báyìí, wọ́n máa ń tẹ igun ìwé tí wọn ò bá fẹ́ kí n kà sókè, ó parí. Bí ẹ bá sì rí i nínú ìwé ọmọ pé wọ́n ń lù ú nílùkulù, tàbí ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, tàbí ó ń sọ pé ayé ti sú òun, ìyẹn kì í ṣe àròkọ mọ́ o. Ẹ pè é síkọ̀kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó sọ ọ́, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹ máa ní láti sọ fún agbaninímọ̀ràn iléèwé yín tàbí àgbà tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀gá yín máa bi yín pé WAEC ńkọ́. Ẹ sọ fún wọn pé àròkọ aṣàpèjúwe àti oníròyìn tí WAEC ń béèrè, ohun tí a ń ṣe yìí náà ni, ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń fi ike sísán sọ̀rọ̀ ò ní wá ohun tó máa kọ tì níwájú ọ̀rọ̀ "Ọjà ìlú mi". Ti alárìíyànjiyàn yàtọ̀, ìyẹn ní ọgbọ́n tiẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àrokò. Kẹ́ ẹ gbé nǹkan mẹ́ta tiyín náà dání o, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú kí wọ́n má tètè rí i, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé, "Tíṣà, tiyín dà?"